Wọ́n Múra fún Ìjọba, Wọn Ò Múra fún Ilé: Àkọsílẹ̀ Àdéhùn Ilẹ̀ Kan ní Kánádà

Ní oṣù kẹta ọdún 2007, ìlú kékeré kan tó jẹ́ ti àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ British Columbia, lórílẹ̀-èdè Kánádà, dìbò lórí ìwé àdéhùn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń jókòó lé lórí fún ohun tó lé ní ọdún méjìlá. Ènìyàn 111 ní àwọn fẹ́ ẹ, 123 ní àwọn ò fẹ́. Bí àdéhùn náà ṣe ṣubú nìyẹn. Ká ní ènìyàn méje péré nínú àwọn tó ní rárá ló yí èrò padà, apá kejì ni ìbò ì bá tẹ̀ sí. Òun sì ni àdéhùn àkọ́kọ́ tó la ìlànà ìdúnàádúrà tuntun ti ìpínlẹ̀ náà já débi ìbò, nítorí náà gbogbo ìlú tó wà lẹ́yìn wọn lórí ìlà ló ń wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

N kò ní dárúkọ ìlú náà. Ẹni tó bá mọ agbègbè yẹn á dá a mọ̀, kò sì sí àṣírí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nílẹ̀ láàárín wọn, ìdílé tó ní bẹ́ẹ̀ ni àti ìdílé tó ní rárá ṣì jọ ń sin òkú pọ̀, wọ́n ṣì jọ ń ṣe ìgbéyàwó. Ohun tí mo fẹ́ kí àwa tí à ń bá àwọn ẹbí àti ìlú ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wò dáadáa ni bí wọ́n ṣe múra sílẹ̀.

Ibi tí odò ńlá méjì ti pàdé ni àwọn baba wọn tẹ̀dó sí. Ẹja sámọ́nì tó ń gun odò Fraser bọ̀ láti òkun ni wọ́n ń pa, wọ́n ń dẹ ìgbẹ́, wọ́n ń ká èso inú igbó. Nígbà tí ìjọba òyìnbó dé, wọ́n la ilẹ̀ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn, èyí tí màá máa pè ní ilẹ̀ ìpín nínú àkọsílẹ̀ yìí: ìlú ló ń gbé orí rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ìjọba àpapọ̀ ló wà lórí ìwé rẹ̀. Ìyókù ilẹ̀ wọn, tó tó mílíọ̀nù mẹ́rin hẹ́kítà, di ti ìjọba láìsí pé ẹnikẹ́ni jókòó bá wọn sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí káàkiri ìpínlẹ̀ ọ̀hún. Yàtọ̀ sí àdéhùn 14 tí James Douglas ṣe ní erékùṣù Vancouver láàárín 1850 sí 1854, àti igun kan níhà àríwá tó bọ́ sábẹ́ Àdéhùn Kẹjọ ti ọdún 1899, wọ́n kàn gba ilẹ̀ ni.

Èyí tó dun ìlú yìí jù ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ní 1911, ilé iṣẹ́ rélùwéè Grand Trunk Pacific fẹ́ kọ́ ìlú tuntun sórí ilẹ̀ ìpín tó wà níbi tí odò méjèèjì ti pàdé gan-an. $125,000 ni wọ́n fi rà á, wọ́n sì ní kí àwọn ènìyàn kó lọ sí òkè odò. Ní 1913 wọ́n dáná sun àwọn ilé abúlé àtijọ́ náà kí ẹnikẹ́ni má baà rí ibi padà sí. Itẹ́ òkú wọn ṣẹ́kù, ó wà láàárín páàkì ìlú àwọn òyìnbó títí dòní. Ẹni tó bá ń ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí ìyá àgbà kan á fi wo ìwé tí ìjọba gbé wá, tó sì ní òun ò fọwọ́ sí i, kò nílò ìwádìí jìnnà. Ìwé kan ti kọ́kọ́ wá rí, wọ́n fọwọ́ sí i, ilé jóná.

Òfin kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n lè pe ẹjọ́. Láti 1927 títí di 1951, ẹ̀ṣẹ̀ ni ní Kánádà kí ẹnikẹ́ni dá owó jọ láti fi lépa ẹjọ́ ilẹ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ láìgba ìyọ̀ǹda ìjọba. Ọdún 1973 ni ọ̀nà là díẹ̀, nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ tí Frank Calder àti àwọn ará Nisga'a, ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ yẹn kan náà, pè. Nínú adájọ́ méje, mẹ́fà gbà pé òfin mọ̀ pé àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ló ni ilẹ̀ kí òyìnbó tó dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n pín sí mẹ́ta-mẹ́ta lórí bóyá ẹ̀tọ́ náà ṣì wà láàyè.

Yorùbá lọ́wọ́ nínú ìdájọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ wa ni kò sì mọ̀. Adájọ́ Hall, ọ̀kan nínú àwọn méje yẹn, fa ẹjọ́ Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, yọ, èyí tí àwọn adájọ́ Ọba ní London dá ní 1921. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ àwọn ẹbí Olúwa ní Àpápá, wọ́n ní owó díẹ̀ tó ń wọlé fún olóyè lórí ilẹ̀ náà nìkan ni àwọn máa san fún un, torí pé kì í ṣe òun ló ni ilẹ̀. Olúwa àti Herbert Macaulay wọkọ̀ ojú omi lọ sí London, wọ́n sì jàre. Ìdájọ́ náà ní àwùjọ ló ni ilẹ̀, àti pé bí ọba kan bá tilẹ̀ lọ tí òmíràn dé, ẹ̀tọ́ onílẹ̀ kò bá a lọ. Ó lé ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà kí ọ̀rọ̀ yìí tó di ohun ìjà fún àwọn apẹja òkè òkun Pàsífíìkì. Mo máa ń rántí èyí nígbàkigbà tí ẹnìkan bá sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àwọn ará Kánádà kò kàn wá.

Ọdún 1992 ni wọ́n fọwọ́ sí ìdásílẹ̀ Àjọ Àdéhùn British Columbia, ní oṣù Kejìlá ọdún 1993 ni ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gba ìwé àwọn ìlú tó fẹ́ dúnàá dúrà. Ìlú tí mò ń sọ yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọlé. Ìpele mẹ́fà ni ìlànà náà ní, láti orí ìwé tí ìlú fi ń sọ pé òun ti dé, títí dé ọjọ́ tí àdéhùn bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìpele kejì ni ti ìmúrasílẹ̀. Kí ìlú tó kọjá níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní olùdúnàádúrà tó mọṣẹ́, pé àwọn ará ìlú ló rán an, pé òṣìṣẹ́ àti owó wà nílẹ̀, pé ọ̀nà tí wọ́n máa gbà fọwọ́ sí àdéhùn ti yé wọn, àti pé wọ́n ti ń bá àwọn ìlú tó múlé gbè wọ́n sọ̀rọ̀ lórí ibi tí ààlà ti gun ara wọn.

Ẹ wo àwọn ohun tí wọ́n ń béèrè wọ̀nyẹn dáadáa. Gbogbo wọn ló ń dáhùn ìbéèrè ìjọba: ṣé ẹni tí a lè bá sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀? Kò sí èyí tó béèrè pé ṣé ọmọ ìlú tó ń gbé Vancouver, tó jẹ́ ìrìnàjò ọjọ́ kan gbáko ní mọ́tò, mọ ohun tí a fẹ́ fi sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀. Ìlú náà kò tó irínwó ènìyàn, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì gbé lórí ilẹ̀ ìpín mọ́. Lójú tèmi, ìpele kejì yìí ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣìnà, kì í ṣe ọjọ́ ìbò.

Kì í ṣe pé wọn ò ṣiṣẹ́ o. Nínú gbogbo iṣẹ́ ìmúrasílẹ̀, ti máàpù ló máa ń dùn jù lójú àwọn ará ìlú, níbi gbogbo. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ìpínlẹ̀ yẹn ni pé wọ́n á tẹ́ máàpù ńlá sórí tábìlì, wọ́n á da ọ̀rá fẹ́lẹ́ tí a lè rí òdìkejì rẹ̀ bò ó, àgbàlagbà kan á jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú bírò aláwọ̀ pupa àti ewéko. Ibí ni mo ti dẹ pańpẹ́. Ibí ni ìyá mi ti ń sá ẹja. Igbó yìí la ti ń ká èso kí wọ́n tó gé igi rẹ̀ tán. Ọ̀rá ti ẹnìkọ̀ọ̀kan dá wà lọ́tọ̀, orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á to gbogbo ọ̀rá léra wọn, ẹ ó sì rí i bí àmì ṣe máa ṣú mọ́ra ní ẹ̀bá odò tí á sì fọ́n ká lórí òkè. Àwọn ọmọdé á wá wò ó. Ẹni tí kò sọ̀rọ̀ ní ìpàdé rí á sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí máàpù bá ti parí, ọ́fíìsì ló ń lọ. Láti ibẹ̀ ó di ti lọ́yà, onímọ̀ ìwọ̀n ilẹ̀ àti àwọn tó mọ bí wọ́n ti ń kọ ìwé ìjọba. Àgbàlagbà tó fi bírò pupa sàmì sí ibi tí ìyá rẹ̀ ti ń sá ẹja kò tún ní rí ibẹ̀ mọ́ títí ìwé á fi jáde, tí á wá rí i pé kò sí lára èyí tí wọ́n gbà padà. Ẹ jẹ́ ká fi ọkàn sí i: ẹni tó ya máàpù mílíọ̀nù mẹ́rin hẹ́kítà ni ẹ wá fẹ́ kó dìbò fún ẹgbẹ̀rún mẹ́rin hẹ́kítà àti díẹ̀ tí àdéhùn máa fún wọn.

Owó tún kó ìṣòro tirẹ̀ wọlé. Nínú ọgọ́rùn-ún dọ́là tí ìlú bá gbà láti fi dúnàá dúrà, ọgọ́rin ló jẹ́ ẹ̀yáwó, ogún péré ló jẹ́ ọ̀fẹ́. Inú owó tí àdéhùn bá mú wá ni wọ́n máa ti san gbèsè náà padà. Ìyẹn ni pé ìjọba tó wà ní òdìkejì tábìlì ló ń yá ọ lówó tí o fi ń sanwó lọ́yà tó ń bá a jiyàn. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, gbèsè ń ga, ó sì ń ṣòro fún ìgbìmọ̀ ìlú láti dìde kí wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́. Mi ò mọ bí ẹnikẹ́ni ṣe fojú sùn pẹ̀lú irú ètò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún tó lé ní ogún ni wọ́n fi lò ó.

Ọ̀rọ̀ tún kan ta ló ń sọ̀rọ̀ fún ilẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú tí òfin Kánádà dá sílẹ̀ ni ìjọba mọ̀, òun ló ń fọwọ́ síwèé. Àwọn ìdílé ńlá ńlá ló sì ní ìrántí ilẹ̀: ta ló ń dẹ pańpẹ́ ní odò wo, ta ló ń kọ́lé síbo. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ kí n ṣàlàyé èyí fún ọmọ Yorùbá. Bí Mọ́gàjí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìjẹ́ kí àwọn olórí ojúlé mọ̀ sí i, ẹjọ́ lẹni tó rà á rà, kóòtù wa sì ti sọ bẹ́ẹ̀ léraléra. Ìlànà British Columbia fi ìbò gbogbogbòò dípò ohùn àwọn ojúlé. Ìbò dára, gbogbo ènìyàn ló kàn. Àmọ́ ìparí ló ń wá. Ohùn ojúlé ní láti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀dùn ọkàn tó ti di ìbò rárá.

Ní 2003 wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn ìpìlẹ̀, èyí tó ń sọ ohun tí àdéhùn gan-an máa dà bí. Nígbà tó di òpin oṣù kẹwàá 2006, àwọn olùdúnàádúrà fi àmì ìkọ̀wé, ìyẹn lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn, sí àdéhùn ìkẹyìn. Lára ohun tó wà níbẹ̀ ni ilẹ̀ 4,330 hẹ́kítà tí ìlú máa ní pátápátá, tí ilẹ̀ ìpín àtijọ́ wà nínú rẹ̀, owó tó tó mílíọ̀nù 13 dọ́là, ìpín nínú sámọ́nì odò Fraser, àti agbára láti ṣe òfin tiwọn dípò òfin ìjọba àpapọ̀ tó ti ń darí wọn láti ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé. Kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ìlú tó ti ń gba ìyọ̀ǹda kí wọ́n tó yá ilẹ̀ tiwọn fẹ́nìkan máa di ẹni tó ń fúnni níyọ̀ǹda.

Ìgbà yẹn ni eré di eré àsáré. Oṣù márùn-ún ló wà láàárín ìgbà tí wọ́n fi àmì sí i àti ìgbà ìbò. Ìwé náà nípọn, èdè lọ́yà ló fi ń sọ̀rọ̀ láti òkè délẹ̀, máàpù sì tún so mọ́ ọn. Wọ́n ṣe ìpàdé, wọ́n ṣe ìwé pélébé alálàyé, wọ́n lọ láti ilé dé ilé. Ṣùgbọ́n ìwé tó gba àwọn amòye ní ọdún tó lé ní méjìlá kí wọ́n tó kọ ọ́, oṣù márùn-ún kò tó kí ará ìlú fi kà á kó sì gbà á gbọ́. Ohun mìíràn ni pé àwọn tó dúnàá dúrà náà ló ń ṣàlàyé, wọ́n sì fẹ́ kó jáde. Ẹni tó bá ti ń ta ọjà kò lè tún jẹ́ ẹni tí oníbàárà á bi bóyá ọjà náà dára.

Owó orí nìkan tó láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ìlú tó bá ní káàdì ìdánimọ̀ ìjọba, tó bá ra ọjà lórí ilẹ̀ ìpín, kì í san owó orí ọjà. Ó máa ń fi káàdì yẹn han ọmọbìnrin tó ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù, ó tán. Àdéhùn ní lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ àǹfààní yẹn máa lọ, lẹ́yìn ọdún méjìlá ti owó orí tó kù náà máa tẹ̀ lé e. Olùdúnàádúrà lè ṣàlàyé fún ọ pé ìjọba ìlú fúnra rẹ̀ ló máa gba púpọ̀ nínú owó náà, tí wọ́n á fi tún ọ̀nà ṣe, tí wọ́n á fi kọ́ ilé ìwé. Òtítọ́ sì ni. Àmọ́ ìyá tó ń ra epo sí mọ́tò kò rí ilé ìwé, káàdì rẹ̀ tí kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ ló rí.

Lẹ́yìn tí àdéhùn ṣubú, Àjọ Àdéhùn ní kí wọ́n ṣèwádìí ohun tó fà á. Ohun tó jáde kò jọ ìyàlẹ́nu fún ẹni tó ti ń tẹ̀ lé e. Àwọn kan ní ìwé náà kò yé àwọn, kò sì sí àsìkò tó. Àwọn kan ní ilẹ̀ náà kéré. Àwọn kan kò fọkàn tán àwọn tó ń darí ìlú, kò sì sí ìwé àlàyé tó lè wo ìyẹn sàn. Àwọn kan sì ń bẹ̀rù pé ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ wọn lọ́jọ́ iwájú ni àwọn ń tà.

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ka ìròyìn náà, èrò mi ni pé àlàyé ló ṣaláìtó, pé bí wọ́n bá tún ṣàlàyé dáadáa, wọ́n á gbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí náà ló rò bẹ́ẹ̀. Ọdún 2018 ló sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún gbé àdéhùn náà jáde lẹ́yìn àtúnṣe, ọdún mọ́kànlá ti kọjá láti ìgbà ìbò àkọ́kọ́, wọ́n dìbò ní oṣù kẹfà. Rárá tún borí, àlàfo rẹ̀ sì fẹ̀ ju ti 2007 lọ. Èyí ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà yí padà lójú mi. Bí o bá ṣàlàyé nǹkan fún ènìyàn tó sì kọ̀ ọ́, ó lè jẹ́ pé àlàyé rẹ ló yé e jù.

Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ dẹ́kun ẹ̀yáwó fún ìdúnàádúrà, ó ń fún wọn lówó lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2019, ó kéde pé òun fagi lé gbèsè àwọn ìlú tó wà lórí tábìlì, òun sì máa dá owó padà fún àwọn tó ti san tiwọn. Dọ́là bílíọ̀nù kan àti irínwó mílíọ̀nù ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ìjọba àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìpàdé àpapọ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ fọwọ́ sí ìlànà tuntun tó sọ pé àdéhùn kò gbọ́dọ̀ pa ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ rẹ́, pé wọ́n lè máa tún un ṣe bí ìgbà ṣe ń yí. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ gbà pé ìlú lè di àǹfààní àìsan owó orí rẹ̀ mú nínú àdéhùn. Gbèsè, ẹ̀tọ́ ọmọ, káàdì ṣọ́ọ̀bù. Àwọn 123 yẹn kò jókòó síbi tábìlì kankan, ṣùgbọ́n ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń ráhùn lé lórí ni ìjọba fúnra rẹ̀ padà tú palẹ̀.

N kò sọ pé ìbò rárá ló mú gbogbo ìyẹn wá. Ọ̀pọ̀ ìlú ló jà á, kóòtù náà sì ṣe tirẹ̀, pàápàá ìdájọ́ ti Tsilhqot'in ní 2014 tó fún àwọn ọmọ ìbílẹ̀ kan ní ilẹ̀ gidi láìsí àdéhùn kankan. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá fẹ́ dìbò ti mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà, ìyẹn sì yí iye tí àdéhùn jẹ́ padà. Olùdúnàádúrà tó bá ń múra ìlú sílẹ̀ tí kò ṣírò ọ̀nà kejì yẹn fún wọn lójú gbogbo wọn kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán.

Fún àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí, ohun mẹ́ta ni mo ti ń ṣe lọ́tọ̀ látìgbà tí mo ti ń ka ìtàn ìlú yìí. Àkọ́kọ́, mo máa ń fẹ́ rí orúkọ. Bí ìlú bá sọ pé àwọn ti ṣetán, ẹ béèrè ìwé orúkọ gbogbo ẹni tó máa dìbò, kí ẹ sì béèrè ìgbà tí wọ́n bá ẹnìkọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ìlú tí kò bá ní ìwé yẹn kò tíì ṣetán, bó ti wù kí lọ́yà rẹ̀ dára tó. Èkejì, owó ẹni tó máa ka ìwé fún ará ìlú gbọ́dọ̀ wá láti ibòmíràn, kó má ṣe jẹ́ pé ọ́fíìsì tó dúnàá dúrà ló ń gbà á síṣẹ́, kó sì lè sọ níta gbangba pé ojú ìwé báyìí kò dára. Ẹ̀kẹta, máàpù àwọn àgbà kò gbọ́dọ̀ wọ ọ́fíìsì lọ láìpadà jáde. Nígbàkigbà tí ilẹ̀ kan bá bọ́ kúrò lórí tábìlì, kí ẹni tó sàmì síbẹ̀ gbọ́ ọ kó tó di ìwé.

Àwọn ìlú kan ti rí i ṣe. Ní oṣù kẹta 2025, àwọn ará K'ómoks ní erékùṣù Vancouver dìbò lórí àdéhùn tiwọn, nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn tó dìbò ló gbà á, lábẹ́ ìlànà tuntun yìí.

Èyí tí mi ò tíì rí ìlú tó ṣe é dáadáa ni ètò fún àárọ̀ ọjọ́ kejì bí ìbò bá ní rárá: ta ló máa bá àwọn ìdílé sọ̀rọ̀, owó òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì àdéhùn ń bọ̀ láti ibo, àwọn ìwé àti ọ̀rá máàpù máa wà lọ́wọ́ ta, ṣé ìgbìmọ̀ máa dúró tàbí kó fipò sílẹ̀. Ìpele kejì ni kí wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó ń bínú.